Àwọn Tó Ń Dárúkọ Ara Wọn fún Mi

Ìlú wa Kétu, èyí tó wà lódìkejì bọ́dà, kò jìnnà sí Okokomaiko. Bí mo bá ṣírò ọ̀nà náà fún yín, ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ ó ní ṣé ibi tí kò ju ìrìn ọjọ́ kan lọ yìí náà ni mò ń pè ní ìdálẹ̀. Ìdálẹ̀ ni o. Ìjọba wọn yàtọ̀ sí tiwa, owó wọn yàtọ̀, ọlọ́pàá wọn ń fi Gẹ̀ẹ́sì jágbe mọ́ èèyàn, tiwa ń fi Faransé jágbe. Yorùbá nìkan ló pa wá pọ̀, òun náà ò sì pa wá pọ̀ tán, torí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ la ẹnu ní àdúgbò yẹn ni obìnrin kan tó ń ta mọ́ínmọ́ín ti bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kutonu, káàbọ̀ o!" Mo sọ fún un pé n kò dé Kutonu rí láyé mi. Ó ní kò burú, Kutonu náà ni mí. Bí orúkọ ṣe lẹ̀ mọ́ mi lára nìyẹn.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni títì tó lọ sí Bàdágírì. Mo dúró sí etí rẹ̀ ní Ìyànà-Ìbà, ẹrù mi wà lórí, mò ń wo ọkọ̀ tó ń lọ àti ọkọ̀ tó ń bọ̀, mo sì ń bi ara mi pé ta ló kù sílé. Ohun kejì tó yà mí lẹ́nu kò dára tó ti àkọ́kọ́. Ní Kétu, bí mo bá ń lọ sódò lówùúrọ̀, ìdọ̀bálẹ̀ ni mo máa ń fi ọ̀nà náà ṣe. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni Èkó. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kí èèyàn bí ogún láàárín Ìyànà-Ìbà sí Okokomaiko. Ẹni mẹ́ta ló dáhùn, ọ̀kan nínú wọn sì ní kí n jọ̀ọ́ kí n má yọ òun lẹ́nu, òun ò ní ohun tóun fẹ́ fún mi.

Nítorí náà, nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Bàbá Onílé láti gba yàrá, inú mi dùn sí òfin tí wọ́n kà fún mi. Ọmọ bíbí Ọ̀jọ́ ni wọ́n, Àwórì pọ́ńbélé, àgbàlagbà tó ga, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í yára sọ̀rọ̀. Yàrá méjìlá ló kọjú síra wọn nínú ilé náà. Wọ́n ní, "Ilé mi kì í ṣe gáréèjì. Ẹni tí kò bá lè kí èèyàn, kó má ṣe gbé ibẹ̀." Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Mo ní ọ̀rọ̀ yìí mọ́ mi lára láti ilé.

Iṣẹ́ bíríkìlà ni mo mọ̀, iṣẹ́ yẹn sì pọ̀ nígbà náà. Ilé ń yọ orí jáde ní gbogbo igbó Ìbà. Ọ̀gá mi ni Múfú, ọkùnrin Ìjẹ̀bú kúkúrú kan tí ohùn rẹ̀ tóbi jù ú lọ. Ògiri rírẹ́ ni mo mọ̀ jù. Mo lè fọ́nnu díẹ̀ níbí, ẹ má bínú: ògiri tí mo bá rẹ́ tán, ẹ fi ọwọ́ yín gbá a láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọwọ́ yín kò ní kọsẹ̀.

Fóònù kò sí lápò ẹnikẹ́ni láyé ìgbà yẹn. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni èmi àti ìyá mi máa ń sọ̀rọ̀. Èmi á lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ fóònù ní Ìyànà-Ìbà, Màámi á ti wà nílé ìfìwéránṣẹ́ Kétu láti àárọ̀. Wọ́n máa ń pariwo sínú ẹ̀rọ náà débi pé akọ̀wé ibẹ̀ á máa bẹ̀ wọ́n.

"Ṣé ò ń jẹun?"

"Mò ń jẹun, Màámi."

"Ta ló ń kí ọ lówùúrọ̀?"

Ìbéèrè tí wọn kì í fò nìyẹn. Lójú tiwọn, ẹni tí kò rí ẹni bi í pé ṣé ó jí ire, ó ti sọnù nìyẹn. Mo máa ń fi ìgbéraga dáhùn pé, "Gbogbo ilé ni, Màámi. Yàrá méjìlá."

Mo ti lo nǹkan bí ọdún mẹ́fà nígbà tí mo já bọ́. Èmi fúnra mi ni mo so pákó tí mo dúró lé, nítorí náà n kò rí ẹni bínú sí. Ọ̀gá Múfú ló sọ fún mi pé orí búlọ́ọ̀kù ni mo balẹ̀ lé, pé òun gbé mi pọ̀n dé títì, òun kúkúrú yẹn, ẹsẹ̀ mi ń wọ́ nílẹ̀. Nígbà tí mo fi mọ̀ pé ọsibítù ni mo wà, ọjọ́ kẹsàn-án ti pé. Dókítà ní agbárí mi sán, ọpọlọ mi sì fara gbọgbẹ́. Ó ní kí n máa dúpẹ́. Mo dúpẹ́. Etí mi òsì ń hó, òòyì ń kọ́ mi bí mo bá gbójú sókè, ṣùgbọ́n mo ń rìn, mo ń jẹun, mo mọ orúkọ mi.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi, torí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, ni pé ojú àwọn èèyàn ti lọ.

Báwo ni kí n ṣe ṣàlàyé rẹ̀? N kò fọ́jú. Mo ń rí ojú, mo ń rí imú, mo ń rí ilà tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n n kò mọ ẹni tó ni wọ́n. Ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ lórí ìjókòó kan, bó bá dìde tó yí aṣọ padà, ó ti di àlejò. Mo wo dígí lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, mo rí ọkùnrin kan tó tẹjú mọ́ mi, díẹ̀ ló kù kí n kí i. Ohùn, mo máa ń mọ̀ ọ́n bí ibi bá dákẹ́. Níbo ló ń dákẹ́ ní Okokomaiko?

Mo pa á mọ́ra. Ẹ̀rù ló bà mí, kí n má purọ́. Mo rò ó pé bí mo bá sọ fún wọn pé n kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀, wọ́n á ní orí mi ti yí, wọ́n á wá ẹni tí yóò dè mí mọ́lẹ̀. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀ bí mo bá ń rìn, kí n má bàa kí ẹni tí kò yẹ. Àṣìṣe tí mo ṣe nìyẹn. Ní gbogbo ilẹ̀ káàárọ̀-o-ò-jíire, ta ló ń wo ilẹ̀ kọjá lára àgbà? Wọ́n ní Kutonu ti ń yájú. Wọ́n ní ikú tó fẹ́ pa á tó yẹ̀ ẹ́ lórí ló sọ ọ́ di ọlọ́lá. Èmi tí mo máa ń dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo ayé!

Mo kọjá lára Bàbá Onílé lẹ́ẹ̀kan, n kò mọ̀ pé àwọn ni. Mo kọjá lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n jókòó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n na ẹsẹ̀, mo sì gbé ẹsẹ̀ mi ré tiwọn kọjá láìsọ pé ẹ pẹ̀lẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá ilé mìíràn kó tó di òpin oṣù.

Mo jókòó sínú yàrá mi, mò ń wo fọ́tò Màámi tó wà lára ògiri. Níbo ni kí n gbà? Kétu? Fọ́tò náà ni mò ń wò láràárọ̀ látìgbà tí mo ti kúrò lọ́sibítù: ilà mẹ́ta lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, mẹ́ta lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì, èjí láàárín eyín. Mo ti há a sórí. Mo mọ̀ pé ìyá mi ni torí pé èmi ni mo fi ìṣó kàn án mọ́bẹ̀, kì í ṣe torí pé ọkàn mi sọ fún mi. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù nìyẹn, ó ju ilé lọ, ó ju iṣẹ́ lọ. Lọ́jọ́ tí Màámi bá dúró síwájú mi, tí mo sì wo ojú wọn bí ẹni wo ojú ẹni tí kò mọ̀ rí, kí ni màá sọ?

Màmá Dúpẹ́ ló tú àṣírí mi. Obìnrin Ọ̀yọ́ ni, ẹlẹ́nu ṣámúṣámú, onísùtánà funfun, yàrá wọn kọjú sí tèmi. Kẹrosíìnì ni wọ́n ń tà níwájú ilé. Gèlè búlúù wọn ni mo fi ń mọ̀ wọ́n. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo gbé gálọ́ọ̀nù jáde, ẹ̀rọ ata ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, mo bá obìnrin kan nídìí dúrọ́ọ̀mù tí kò wé gèlè, tó ń ya irun rẹ̀. Mo kí i dáadáa.

"Ẹ kú ọ̀sán o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ ibi tí Màmá Dúpẹ́ lọ?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá Dúpẹ́? Wọ́n ti lọ sí Mẹ́kà."

Mo ní, "Màmá Dúpẹ́ onísùtánà? Kí ni wọ́n fẹ́ lọ ṣe ní Mẹ́kà?"

Ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró. Ó fi ìyarun sílẹ̀, ó dìde, ó gbé ojú rẹ̀ wá síwájú tèmi gan-an.

"Wò mí dáadáa. Ta ni mí?"

Mo wò ó. Mo ní, "Mà, ẹ má bínú."

"Yéè! Olúwa mi o!" Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí ibi tí kẹrosíìnì dà sí. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ọsibítù, mà."

"O sì dákẹ́? O jẹ́ ká máa bú ọ? Ìwọ ọmọ yìí, agídí rẹ ni yóò pa ọ́, kì í ṣe pákó!"

Ibẹ̀ ni mo ti sunkún, ọkùnrin bíi tèmi, gálọ́ọ̀nù lọ́wọ́. Màmá Dúpẹ́ náà ń sunkún, wọ́n sì ń bú mi lọ.

Wọ́n fà mí lọ sọ́dọ̀ Bàbá Onílé lójú ẹsẹ̀. Wọ́n rojọ́ náà látòkè délẹ̀. Bàbá ń rin orín. Wọ́n yí sí mi.

"Ta ni mí?"

"Ẹ̀yin ni Bàbá Onílé, sà."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Màmá Dúpẹ́ ló sọ pé ọ̀dọ̀ yín là ń bọ̀, sà."

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní ká máa lọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Màmá Dúpẹ́ ní kí n máa palẹ̀ ẹrù mi mọ́ díẹ̀díẹ̀, pé àwọn á bá mi bẹ ẹnì kan nínú ìjọ wọn ní Ìjanikin, bóyá yàrá á wà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé korobá lọ sídìí kànga. Àgbàlagbà kan dúró níbẹ̀. Ìrì ti rin etí agbádá rẹ̀, ó hàn pé ó ti pẹ́ níbẹ̀. Mo ti ń wo ilẹ̀ kọjá lọ bí ìṣe mi.

"Kutonu."

"Sà."

"Èmi Bàbá Onílé ni. Ṣé o jí ire?"

Korobá bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ ìdí kànga, n kò sì fẹ́ dìde. Lókè orí mi, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún àwọn tó wá pọnmi pé, "Ẹni tó bá kọjá lára ọmọ yìí tí kò dárúkọ ara rẹ̀, òun ni kó wá ilé mìíràn."

Títí dòní, bí mo bá rántí rẹ̀, ara mi á bù máṣọ. Ẹ̀yin náà mọ bí nǹkan ṣe rí láàárín wa. Ọmọdé ló ń kọ́kọ́ kí àgbà. Àgbà kì í dúró de ọmọdé, kì í sì í dárúkọ ara rẹ̀ fún un, torí kí ló dé tí ọmọdé ò fi ní mọ̀ ọ́n? Bàbá yìí ti lé ní àádọ́rin ọdún, onílẹ̀ ni wọ́n, ọmọ ilẹ̀ ni wọ́n, èmi sì ni ayálégbé láti òdìkejì bọ́dà. Àràárọ̀ ni wọ́n ń ṣe é, bí òjò ń rọ̀, bí ara ń ro wọ́n. "Èmi Bàbá Onílé ni. Ṣé o jí ire?" Wọn ò fò ó rí títí wọ́n fi kú.

Ó bẹ̀rẹ̀ nínú ilé, ó gba àdúgbò. Ìdí dúrọ́ọ̀mù kẹrosíìnì ni ìròyìn ti ń lọ káàkiri, gbogbo ayé ló kúkú ń dáná. Ọ̀dọ́kùnrin Ìgbò tó wà ní yàrá ìkẹyìn, tó ń ta rédíò ní Alábà, á na ọwọ́ sókè láti òkèèrè: "Kutonu, na me o, Emeka!" Ìyá Ègùn tó ń yan ẹja á sọ orúkọ rẹ̀, á sọ ti ọkọ rẹ̀, á sọ ti ẹja. Ọjọ́ Ìsinmi ni mo kọ́kọ́ ń bẹ̀rù, torí ẹni mẹ́jọ nínú ilé wa ló ń wọ sùtánà, funfun láti orí dé ọrùn ẹsẹ̀, kò sí gèlè búlúù, kò sí bàtà tí mo lè fi dá ẹnikẹ́ni mọ̀. Wọ́n á tò jáde láti yàrá wọn, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà tèmi. "Èmi Màmá Dúpẹ́." "Èmi Bàbá Dúpẹ́." "Èmi Dúpẹ́." Títí ẹni kẹjọ á fi kọjá. Ẹ̀rù náà lọ. Ìyanu ló kù, mo sì máa ń wọlé lọ jókòó díẹ̀ kí n tó lè ṣe ohunkóhun.

Ọ̀gá Múfú náà dé. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó kó ohùn ńlá rẹ̀ jọ, ó ní, "Èmi Gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó ni!"

Mo ní, "Ọlọ́lá jùlọ, ẹ bá wa tún ọ̀nà Ìbà ṣe."

Ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo rín láti ìgbà tí mo ti ṣubú nìyẹn. Ó di irin tí a fi ń rẹ́ ògiri mú, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Orí ló fọ́, ọwọ́ ò fọ́. Ìsàlẹ̀ lo ó máa rẹ́, àwa á rẹ́ òkè." Ó so àkísà pupa mọ́ apá ara rẹ̀ kí n lè máa mọ ọ̀gá mi láàárín àwọn lébírà, kò sì tú u mọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ògiri ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìbà ni mo kọ́kọ́ rẹ́. Nígbà tí mo parí, Ọ̀gá fi ọwọ́ gbá a láti igun dé igun. Ọwọ́ rẹ̀ kò kọsẹ̀. Ó kàn pọn omi wá fún mi kí n fi fọ ọwọ́, ọ̀gá pọnmi fún ọmọ iṣẹ́!

Mo máa ń rò ó pé nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo lè dá ojú gbogbo àdúgbò mọ̀, ẹnikẹ́ni kò mọ̀ mí. Nísinsìnyí, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ mí, n kò mọ ojú ẹnì kan. Èwo nínú méjèèjì ni àjèjì? Mo ti bi ara mi léèrè títí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìgbà kejì yìí ni mo tó máa ń sọ "ilé wa" tí kì í sì í ṣe Kétu ni mo ní lọ́kàn.

Ṣùgbọ́n n kò tíì sọ fún Màámi. Mo sọ fún wọn pé mo ṣubú, mo ní ó ti sàn. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá wò mí, mo ní òjò pọ̀. Oṣù tó tẹ̀ lé e, mo ní iṣẹ́ pọ̀. Màmá Dúpẹ́ fi ọwọ́ lé ìdí, wọ́n ní, "O ti gbé e pamọ́ fún wa lẹ́ẹ̀kan, o rí ohun tó dá sílẹ̀. Sọ fún ìyá rẹ."

Nígbà tí Sátidé wa tún pé, mo sọ ọ́. Mo ní etí ọ̀tún nìkan ni mo fi ń gbọ́rọ̀ dáadáa. Mo ní ojú èèyàn ti lọ lọ́dọ̀ mi, gbogbo rẹ̀. Mo ní bí wọ́n bá rí mi tí mo kọjá lára wọn, kí wọ́n má bínú. Mo sọ ohun tí àdúgbò ń ṣe fún mi, títí kan Bàbá Onílé.

Fún ìgbà àkọ́kọ́, Màámi kò pariwo. Wọ́n ní, "Kí àgbà máa dárúkọ ara rẹ̀ fún ọmọdé, kó tó mọ̀ ọ́n? Èmi? Èmi tí mo..."

Fóònù gé. Mo ní kí wọ́n tún un tẹ̀, kò wọlé. Ní oṣù kejì, akọ̀wé Kétu ní ìyá mi kò wá. Ní oṣù kẹta, wọn ò wá. Mo gbà pé mo ti ṣẹ̀ wọ́n. Lẹ́yìn náà ni ará ìlú wa kan tó wá ra ọjà ní Alábà yà sí ilé wa. Ó ní, "Ìyá rẹ ní kí o dúró de àwọn ní Ìyànà-Ìbà lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n ní kí o má rán ẹnikẹ́ni wá."

Mo béèrè pé ṣé inú wọn dùn ni àbí wọ́n ń bínú. Ó ní iṣẹ́ tí wọ́n rán òun ni òun jẹ́ yẹn.

Mo dé Ìyànà-Ìbà kí oòrùn tó mú, fọ́tò wọn wà lápò mi. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Sẹ̀mẹ̀ ń já èrò sílẹ̀, àwọn tó ń polówó oúnjẹ ń ké, fèrè ọkọ̀ ń dún, etí mi òsì ń hó. Ojú ni mo fi ń wá wọn, ojú tí kò wúlò. Ilà mẹ́ta, ilà mẹ́ta, èjí. Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n lórí. Ilà rẹ̀ pé. Oòrùn mú un fún ojú pọ̀, eyín rẹ̀ yọ, mo rí èjí.

"Màámi!" Mo da àyà délẹ̀ níwájú gbogbo ayé.

Obìnrin náà fà sẹ́yìn. "Ọmọ mi, dìde. Kì í ṣe èmi."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo dìde, erùpẹ̀ kún àyà aṣọ mi. Obìnrin mìíràn dúró nítòsí pẹ̀lú ẹrù lórí, ó ń wò mí. Ojú rẹ̀ kún fún omi. Mo rò pé àánú mi ló ṣe é. Mo ní, "Ẹ kú ìrìn, mà," mo sì yí ojú mi sí ọkọ̀ tó tún ń bọ̀.

Mo gbọ́ tí ẹrù kan balẹ̀ lẹ́yìn mi. Ẹnì kan yí gba apá ọ̀tún mi, ó di èjìká mi mú, ó gbé ẹnu lé etí mi ọ̀tún, ó sì pariwo bí ẹni tó ń pariwo sínú fóònù.

"Èmi Àṣàbí ni! Èmi ni mo bí ọ! Ṣé o jí ire?"

Oòrùn ti kàntàrí. Mo ní, "Mo jí ire, Màámi."